Má Tíì Da Ọ́ìlì Kankan sí Láńdírófà Yẹn

Ilé wa, Apòmù.
Ọjọ́ Ẹtì, oòrùn ti ń kan àtàrí.

Àlàbí ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, kí n tó béèrè bí ara ṣe rí, gbọ́ èyí ná: má tíì da ọ́ìlì kankan sí Láńdírófà yẹn. Bí o bá ti ṣí agolo, dé e padà. Bí o bá ti gbé e sókè, sọ ọ́ kalẹ̀. Tí o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, jókòó sórí nǹkan, kí o wá ka ìyókù.

Ó dáa. Mo kí ọ, ọkọ mi, ọmọ mi. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọ̀yẹ́, mo kí ọ kú eruku ọ̀nà Gbọ̀ngán. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní ṣé ò ń jẹun. Mo ní ẹni tó ń bá olówó kòkó ṣiṣẹ́ kò lè ṣàìjẹun. Ó ní èmi kọ́ ni òun bi léèrè, ọmọ òun ni òun bi.

(Bọ̀dá, èmi Àṣàkẹ́ ni mò ń kọ ọ́ o. Bàbá ń sọ ọ́, èmi ń kọ ọ́, torí ẹ mọ̀ pé wọn ò mọ̀wé. Wọ́n ní gbogbo ohun tó bá ti ẹnu wọn jáde ni kí n kọ, kí n má fo ẹyọ kan. Nítorí náà tí ẹ bá rí ohun tí kò yẹ kó wà nínú lẹ́tà, ẹ má bá mi wí. Inú ìwé tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ara mi sí ni mo ti ya bébà yìí. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo fẹ́ ya á. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ ni mo ti di akọ̀wé gbogbo ilé, kò sì sí ẹni tó ń kọ̀wé sí èmi.)

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Àṣàkẹ́ kà á, mo ní kó tún un kà. O ní ọ̀gá rẹ ti gbé Láńdírófà àtijọ́ kan lé ọ lọ́wọ́ láti máa fi wọ abúlé lọ kó kòkó. Inú mi dùn débi pé mo jáde lọ sọ fún àwọn ará ilé kejì, ìyẹn àwọn tí a kì í bá sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo padà wọlé ni Àṣàkẹ́ wá ka èyí tó kù. O ní ọkọ̀ náà ń rú èéfín aró, o ní ó ń mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí. O ní ọ̀gá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé láti wò ó bóyá o lè tọ́jú ọkọ̀, pé bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹlòmíràn ni yóò gbé e fún. Ibẹ̀ náà ni o ti ní Súlè tí ẹ jọ wà ní gáréèjì sọ pé kí o lọ ra ọ́ìlì jíà, kí o dà á pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, pé èéfín á dúró wàrà, ọ̀gá ò ní rí nǹkan kan.

Àlàbí, Súlè ò parọ́. Èéfín náà á dúró. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ká ní irọ́ ni, wàá ti rí i pé irọ́ ni.

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà o. Àkísà tí mo ti fi nu ọ́ìlì láyé yìí, bí a bá ká a jọ, á bo gbogbo kòkó tí mo sá síta yìí. Nítorí náà jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ ọ́, ká lè mú un ní ẹyọ ẹyọ.

Èkíní. Mọ̀ pé ọ́ìlì ní kíki àti ṣíṣàn.

Nígbà tí ìwọ ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ, mo ń wa Láńdírófà fún ọ̀gá awọnlẹ̀ kan. Ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa nígbà náà, àwọn èèyàn a máa sá jáde wá wò ó bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́ ara rẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún mi, ìyá mi àgbà bu epo pupa sí àwo kan, wọ́n ní, “Ọmọ mi, fún Ògún lépo kí o tó gbéra.” Ilẹ̀ lẹ́bàá táyà ni wọ́n ní lọ́kàn o. Gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo gbọ́n ju gbogbo awakọ̀ lọ. Mo ní inú irin gan-an ni Ògún ń gbé, kí ni mo fẹ́ máa fi epo ṣòfò sórí yẹ̀pẹ̀ sí? Mo ṣí ẹnu ẹ́ńjìnnì, mo da gbogbo epo náà sí i, mo sì ní kí Ògún jẹun yó.

Ìgbà ọ̀yẹ́ bí irú èyí ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì kọ̀, kò yí. Wọ́n wọ́ wa dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìkirè, Ọ̀gá Jímọ̀. Ọ̀gá Jímọ̀ tú abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó wò ó, ó tún wo ojú mi. Epo ti dì sínú rẹ̀ bó ṣe ń dì sínú kèrègbè láàárọ̀ ọ̀yẹ́. Ló bá figbe ta: “Ẹ wá wò ó o! Awakọ̀ yìí fẹ́ se ọbẹ̀!” Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dáhùn, “Ata ńkọ́?” Òmíràn ní, “Ẹ bá a wá iyọ̀!” Láti ọjọ́ náà, láti Ìkirè dé Apòmù, Ọlọ́bẹ̀ ni wọ́n ń pè mí.

(Ìyá wa tó ń yí kòkó ní ìta gbọ́, wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọmọdé ṣì ń pe Bàbá bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀yin fúnra yín. Wọ́n ní ẹ máa ń dáhùn “ọbẹ̀ kí ni?” nígbà tí àwọn ṣì ń pọ̀n yín. Bàbá ní, “Ta ló pe ìwọ sí lẹ́tà?” Ìyá wa ní, “Ta ló gbé ọmọ náà pọ̀n?” Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín láti òwúrọ̀.)

Bí mo ṣe ń rò ó lẹ́yìn ìgbà náà ni ó yé mi. Ohun tí epo pupa ń ṣe, gbogbo ọ́ìlì ló ń ṣe é. Bí oòrùn bá mú, á ṣàn. Bí òtútù bá mú, á ki. Nọ́ńbà tó wà lára agolo, bó ṣe ki tó ni ó ń sọ fún ọ. Nọ́ńbà kékeré, ó ṣàn. Nọ́ńbà ńlá, ó ki. Ogún ṣàn bí omi ọṣẹ, ilẹ̀ tí òtútù ti ń pa èèyàn ni ó dára fún. Ọgbọ̀n ni ti ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ ṣì le. Ogójì ki jù ú lọ díẹ̀. Àádọ́ta ki ju ogójì. Ṣùgbọ́n àádọ́rùn-ún, ọmọ mi, ọ́ìlì jíà nìyẹn. Kò sí nínú ìran ẹ́ńjìnnì rárá.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ó dùn mí jù, mi ò sì ní sọ ọ́ yára. Àṣàkẹ́, rọra kọ ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ epo pupa, mo wá lọ sí apá kejì. Mo ní àṣé ọ́ìlì tó bá ti ki ni ó dára. Mo fi wé ọbẹ̀. Ọbẹ̀ tó ki ni ó ń gba òkèlè. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, Láńdírófà mi ti di àgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí rú èéfín aró bíi tìrẹ yìí gan-an. Ọ̀gá awọnlẹ̀ ń fi imú fín-ín-fín-ín lẹ́yìn mi, ó ń wúkọ́. Wọ́n wá ní ọ̀gá tó ju ọ̀gá lọ ń bọ̀, pé èmi ni màá gbé e kiri ní apá Aṣejirè. Ojú ń tì mí nítorí èéfín. Awakọ̀ bíi tèmi kan, Súlè tèmi nìyẹn, ó ní, “Ṣé torí èéfín lo ṣe ń sunkún? Da náńtì sí i, àádọ́rùn-ún.” Mo dà á.

Èéfín dúró! Mo gbé ọ̀gá ńlá lọ, mo gbé e bọ̀, ó gbá mi léjìká, ó ní mo mọ ọkọ̀ tọ́jú. Inú mi wú bíi búrẹ́dì. Mo délé, mo ní kí ìyá rẹ se ẹran.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ pẹ̀lú ọ̀yẹ́. Mo tẹ ọkọ̀, ó jí. Iná pupa kan wà níwájú awakọ̀, iná ọ́ìlì ni. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, ó yẹ kó kú. Kò kú. Mo ní iná náà ló bàjẹ́. Ọ̀gá ní ká máa lọ, a ń lọ. A kọjá Ìkirè, à ń bọ̀ wá sí Apòmù níbí, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn láti inú. Dípò kí n dúró, mo tún tẹ̀ ẹ́ sí i kí ariwo afẹ́fẹ́ lè bo ìró náà mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, irin kan ta jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, gbàù! Ọ́ìlì tú sílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ màlúù.

Ọ̀gá awọnlẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Kò bú mi. Ó lọ jókòó sábẹ́ igi kan, ó kẹ́yìn sí mi. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ náà. Kò tún sí ẹni tó gbé ọkọ̀ fún Ọlọ́bẹ̀ mọ́, ni mo fi di àgbẹ̀. Mi ò kórìíra iṣẹ́ àgbẹ̀ o. Òun ló tọ́ yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ ìró Láńdírófà ní títì, mo ṣì máa ń dá ọkọ́ dúró.

(Bàbá dákẹ́ níbí. Mo ní, “Bàbá, ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ dákẹ́?” Wọ́n ní, “Kọ ohun tó bá wù ọ́.” Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ báyìí rí. Bọ̀dá, ní tòótọ́ ohun kan wà lọ́kàn mi. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ilé yìí kò gbádùn mọ́ mi mọ́. Lánàá, nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo wọ iyàrá lọ, mo gbàdúrà pé kí ọkọ̀ náà bàjẹ́ kí ẹ lè padà wálé. Mo gbà á tọkàntọkàn. Ní báyìí tí mo ti gbọ́ ti Bàbá, ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́. Mo ti tún òmíràn gbà.)

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì náà. Ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà dé ibi tí irin ti ń yí mọ́ irin, tín-ín-rín ni. Ọ́ìlì jíà ki, òtútù tún mú kó ki sí i, kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìsàlẹ̀ kún fún ọ́ìlì, òkè gbẹ. Irin wá ń jẹ irin. Èéfín tí mo ń sá fún kò lè pa ẹ́ńjìnnì náà láàárín ọdún kan. Oògùn èéfín pa á láàárín ọjọ́ kan.

Nítorí náà, ohun tí màá dà sí tìrẹ nìyí. Ẹ́ńjìnnì àgbà, àwọn irin róbótó inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ríǹgì ti jẹ, àlàfo ti wà láàárín wọn, ọgbọ̀n lè máa yọ́ gba ibẹ̀ kí ó máa jóná. Oòrùn wa yìí náà tún wà níbẹ̀. Ogójì ni kí o dà sí i. Bí o bá ti wà á pẹ́ ní ọ̀sán gangan, tí o dúró, tí iná pupa yẹn ń ṣẹ́jú, lọ bi mẹkáníìkì bóyá kí o bọ́ sí àádọ́ta títí ẹ̀rùn yóò fi lọ. Má kọjá àádọ́ta. Ìwé kékeré tó máa ń bá ọkọ̀ wá, bí ó bá ṣì wà, kà á. Ìwọ mọ̀wé, èmi kò mọ̀.

Inú agolo tí a kò tíì ṣí ni kí o ti rà á. Má ra ti inú ìgò tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì. Òmíràn nínú wọn, ẹlòmíì ti lò ó tán kí wọ́n tó sẹ́ ẹ.

Ọ́ìlì jíà náà ní ilé tirẹ̀ o, má lọ sọ pé mo ní kí o má rà á. Inú jíà ni, àti inú ìdí ọkọ̀ lẹ́yìn. Ti Láńdírófà wá yàtọ̀ sí ti lọ́rì: ó ní ìdí níwájú náà, torí pé ẹsẹ̀ iwájú ń fà. Awakọ̀ lọ́rì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sídìí rẹ̀ a máa gbàgbé ti iwájú, á gbẹ títí á fi máa ké bí ọmọ ẹran. Ṣàmì sí agolo méjèèjì. Má gbé wọn sí ibì kan náà.

Gééjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Láràárọ̀, kí o tó jí ọkọ̀, orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí o ti yọ ọ́. Nù ún, tì í padà, tún yọ ọ́. Àárín àmì méjèèjì ni kí ọ́ìlì wà. Kó má kù, kó má sì kún jù. Àkúnjù náà a máa rú èéfín, bóyá ọwọ́ rẹ tó ń dà á lójoojúmọ́ wà lára ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, fi ìka méjì ra á. Tó bá ń yọ̀, ó dáa. Tó bá ń ha ìka bíi yẹ̀pẹ̀, tàbí tó ń rùn bíi pẹtiróòlù, dà á nù, kí o pààrọ̀ rẹ̀. Nínú eruku ọ̀yẹ́ yìí, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ láti pààrọ̀ rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá jí láàárọ̀, fún un láyè kó yáná díẹ̀. Ìwọ náà kì í sáré bí o ṣe ń jí. Mo mọ̀ ọ́, orí ẹní lo ti máa ń bínú.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Èyí tó kù ju ti ọ́ìlì lọ.

Èéfín ni ìwà, ọmọ mi, a kì í dì í mọ́ra. Ìwọ kọ́ lo sọ ọkọ̀ náà di arúgbó. Bí ọ̀gá rẹ bá dé lọ́jọ́ Ajé, má dúró kó béèrè. Sọ fún un pé, “Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì yìí ń mu ọ́ìlì. Ríǹgì inú rẹ̀ ti jẹ. Ogójì ni mo dà sí i, yóò gbé wa la ìgbà kòkó já bí a bá ń ṣọ́ ọ, lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí a tú u.” Bó bá jẹ́ olóye, á mọ̀ pé awakọ̀ ni òun ní. Bó bá gbé ọkọ̀ fún ẹlòmíì, wá sílé. Mo ní ọkọ́ méjì. Ṣùgbọ́n tí o bá fi ọ́ìlì jíà bo èéfín, tí ó gbá ọ léjìká, ọmọ mi, ọwọ́ yẹn á wúwo lára rẹ títí ayé.

(Bọ̀dá, ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀. Bàbá ní kí n kọ orúkọ yín sẹ́yìn rẹ̀, kí n lọ fi ránṣẹ́. Mo ní bí a bá gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ọjọ́ Ajé á ti kọjá kó tó dé. Wọ́n ní kí n wá awakọ̀ tó ń lọ sí Gbọ̀ngán. Ìyá wa wá dìde láàárín kòkó, wọ́n gbọn ọwọ́ nù. Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ:

“Bàbá Àlàbí, ẹ ti ń pe ìwé láti òwúrọ̀. Ṣé ìwé lè yọ gééjì ni?”

“Ọmọ náà ti dàgbà. Bí mo bá lọ, wọ́n á ní bàbá rẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́.”

“Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló bá ẹ̀yin ṣiṣẹ́ nígbà yẹn? Súlè tiyín!”

“Kòkó mi ńkọ́?”

“Kòkó mọ̀ mí. Ẹ wọ aṣọ.”

Bàbá wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n ní, “Mi ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì láti ìgbà náà, Àdùnní.” Mi ò gbọ́ kí wọ́n pe Ìyá wa lórúkọ rí. Ìyá wa wọlé lọ gbé fìlà wá.

Nítorí náà Bàbá ń bọ̀, Bọ̀dá. Àwọn fúnra wọn ló mú lẹ́tà yìí dání. Bí ẹ ṣe ń kà á yìí, iwájú yín ni wọ́n jókòó sí, wọ́n á sì ní kí ẹ kà á sókè kí àwọn lè mọ̀ bóyá mo kọ gbogbo rẹ̀. Ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ àdúrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fò ó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ o; ẹnu yín ni kó ti jáde. Kí wọ́n kàn dúró sẹ́yìn yín. Ẹ má kọ́kọ́ fún wọn lóúnjẹ. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Kí ẹ bá mi wo ojú wọn dáadáa, bó ṣe máa rí tí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yẹn, kí ẹ wá kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Kí ẹ kọ orúkọ mi nìkan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi náà fẹ́ gba lẹ́tà.

Àbúrò yín,
Àṣàkẹ́.)